Ṣé Gáàsì Ń Lọ?

Ilé Lavonne Teague ni Royce àbúrò rẹ̀ ti máa ń mu kọfí ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Royce yìí ló ń mójú tó gáàsì ìlú wa, Harlan Wells, ní apá ìwọ̀ oòrùn Texas. Inú páìpù ni gáàsì náà ń gbà wá láti ibi tí wọ́n ti ń fà á lábẹ́ ilẹ̀, ẹ̀rọ kan tó wà lẹ́yìnkùlé Lavonne ló sì ń tì í dé ilé gbogbo wa. Bí ẹ̀rọ náà bá dúró, kò sí iná nínú sítóòfù ẹnikẹ́ni, kò sì sí ooru nínú ilé.

Láti ayé bàbá wọn, ẹ́ńjìnì ńlá kan tó ń jó gáàsì fúnra rẹ̀ ló ń gbé ẹ̀rọ náà. Ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí ògiri Lavonne sinmi. Ó ráhùn títí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Royce gbọ́ tirẹ̀, ó yọ ẹ́ńjìnì náà, ó sì fi mọ́tò tó ń lo iná mànàmáná rọ́pò rẹ̀.

"Sístà, ṣé ẹ ti ń rí oorun sùn báyìí?" Royce ló bi í bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lásìkò tí wọ́n ń kórè òwú.

"Mo ń sùn débi pé mo ń pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ ti fẹ́ máa fura sí mi."

Darla, ọmọ Lavonne, wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ mànàmáná tó wà ní ìlú kejì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ kalẹ̀.

"Ọ́ńkù Royce, iná wa ló ń gbé ẹ̀rọ yẹn báyìí, àbí?"

"Òun ni."

"Ṣé ẹ ti fi tó wa létí? Ẹ gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba náà létí. Ìwé pélébé kan ni, ó wà nínú ọkọ̀ mi. Bí iná ò bá kárí nígbà òtútù, wọ́n máa ń pa iná àdúgbò kan kí òmíràn lè rí lò. Ibi tí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ̀rọ gáàsì wà, wọn kì í pa á. Ibi tí wọn ò bá mọ̀, ilé lásán ni wọ́n máa kà á sí."

Royce rẹ́rìn-ín. "Ìjọba. Jẹ́ kí ìjọba mọ ibi tí o gbé àga rẹ sí lónìí, tó bá dọ̀la wọ́n á wá kọ́ ẹ bí wàá ṣe jókòó. Bàbá mi bójú tó gáàsì ìlú yìí títí ó fi kú, kò fi nǹkan kan tó ẹnikẹ́ni létí."

"Ẹ́ńjìnì tiwọn kì í lo iná, Ọ́ńkù."

"Darla, fi àbúrò mi lọ́rùn sílẹ̀," ni Lavonne wí. "Jẹ́ kó jẹ kéèkì rẹ̀. Ó gbọ́n ju bí ojú rẹ̀ ṣe rí lọ."

Royce gba ìwé náà, ó ní òun á kọ ọ́. Kò kọ ọ́.

Bí àwa ará ibí ṣe rí nìyẹn. Bí ọkọ̀ ẹnìkan bá kó sí kòtò, gbogbo ilé ló máa gbé katakata jáde láti fà á, ẹnikẹ́ni ò sì ní béèrè kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kí a sọ ohun tí a ní fún ìjọba, lójú tiwa, bí ẹni fi ara rẹ̀ fún ọlọ́pàá ni. A máa ń fi ìwà yìí yangàn. Ní tèmi, ó ti sú mi.

Ní oṣù Kejì, òtútù dé, irú èyí tí a ò rí rí. Yìnyín bo ọ̀nà, iná mànàmáná ò sì kárí mọ́. Àwọn tó ń pín iná wo àkọsílẹ̀ wọn ní ọ̀nà jíjìn tí wọ́n wà. Wọn ò rí ẹ̀rọ gáàsì kankan ní Harlan Wells. Ní àárọ̀, wọ́n pa iná wa.

Lavonne ò kọ́kọ́ bìkítà. Gáàsì nìkan ni ẹ̀rọ amúlégbóná tó wà lára ògiri rẹ̀ ń lò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ẹ̀yìnkùlé ti dúró, gáàsì tó ṣẹ́kù nínú páìpù sì ń tán lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, iná ara ògiri náà kú.

Ohun tó tẹ̀ lé e, ẹnu Royce fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ó dúró síwájú ẹ̀rọ tó ti dákẹ́ nígbà tí Darla pè é láti ọ́fíìsì.

"Ọ́ńkù, wọ́n ti pa iná yín. Ṣé gáàsì ń lọ?"

Ó ní ojú ti òun. Ó ní òun rántí ìwé náà àti gbogbo ẹnu tí òun fọ́n nídìí kọfí.

"Ó ń lọ," ló sọ.

"Ṣé ó dá yín lójú? Bí kò bá lọ, ẹ sọ fún mi. Màá ní kí wọ́n tan iná yín padà kíá. Bí ìyẹn bá tiẹ̀ ṣòro, ìlú Corley tó wà nítòsí yín lè ṣí gáàsì tiwọn sínú páìpù yín. Nígbà pàjáwìrì, ẹ ò ní dúró gba àṣẹ kankan kí ẹ tó gbà á. Kí ẹ ṣáà ti tètè fi tó ìjọba létí lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ni."

"Mo ní ó ń lọ, Darla. Ẹ́ńjìnì àtijọ́ ló ń gbé e báyìí. Má dààmú."

Kò pẹ́ sígbà náà tí gbogbo fóònù ìlú fi dákẹ́. Royce ti pinnu pé òun á gbé ẹ́ńjìnì àtijọ́ jáde láti inú ahéré, òun á tún un dè, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀.

Èmi lọ sọ́dọ̀ Lavonne ní ìrọ̀lẹ́. Ó wọ kóòtù méjì, ó jókòó ti sítóòfù tó ti tutù.

"Àǹtí Lavonne, ẹ dìde ká lọ sílé wa. Igi la fi ń dáná."

"Royce ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí ni. Ó ní gáàsì ò ní pẹ́ dé. Bí ó bá dé tí mi ò sí nílé láti tan án, kò ní jẹ́ pé ilé á gbiná?"

"Ẹ tì í pa lẹ́nu páìpù, kí ẹ máa bọ̀."

"Royce ò purọ́ fún mi rí," ló sọ. Ó gbé ìyókù kéèkì lé mi lọ́wọ́. "Gbé e fún àwọn ọmọ rẹ."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Mo gbé kéèkì, mo lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnì àtijọ́. Royce ti tún un ṣe, ìka ọwọ́ rẹ̀ ti kú fún òtútù. Inú wa dùn, a ń bọ ara wa lọ́wọ́. Royce sáré wọlé lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó bá a tan iná.

Lavonne wà lórí àga rẹ̀, ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti kú. Ariwo tó ti ń ráhùn sí láti ọdún pípẹ́ ń mi ògiri lẹ́yìn rẹ̀, òun kò sì ráhùn mọ́.

Darla dé nígbà tí yìnyín dẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo rò pé á pariwo mọ́ Royce. Kò pariwo.

"Ọ́ńkù, mo bi yín," ló sọ.

"O bi mí."

"Mo rò pé Màmá wà nínú ooru. Mo jókòó sí ọ́fíìsì, mo ń tan iná fún ìlú àwọn ẹlòmíràn."

Láti ọjọ́ náà, Royce kì í mu kọfí ní ilé ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń mójú tó gáàsì, ó kéré o, ó pọ̀ o, ẹ fi ẹ̀rọ yín tó ilé iṣẹ́ mànàmáná àti ìjọba létí kí òtútù tó dé. Bí ẹ bá pààrọ̀ ohunkóhun lára rẹ̀, ẹ tún un sọ. Kì í ṣe pé ìjọba ń tọpinpin yín. Ẹni tó fẹ́ pa iná ni ẹ̀ ń sọ fún pé ènìyàn wà níbẹ̀. Bí gáàsì bá sì tán lójijì, ẹ gba ti aládùúgbò láìjáfara, kí ẹ sì kọ ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ kíákíá bí òfin ṣe wí.

Ẹ̀yin aráàlú, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé gáàsì fún yín bóyá ó ti fi ẹ̀rọ rẹ̀ tó wọn létí. Bí ilé bá tutù, ẹ má fi arúgbó dúró de ìlérí.

Bí ẹnìkan bá sì pè yín, tó bi yín pé ṣé gáàsì ń lọ, tí kò bá lọ, ẹ sọ pé kò lọ.