Ọjọ́ Tí Tohirat Fọ Tábúlẹ́ẹ̀tì

Tohirat jí ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ọyẹ́ mú. Ilé pa rọ́rọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Tohirat. Òun, Bàbá àti Ìyá ló ń gbé ní àdúgbò Ali Kazaure, ní ìlú Jos.

Bàbá Àáfà náà ń bá wọn gbé tẹ́lẹ̀. Àwọn ló bí Bàbá. Àwọn ló ń fi wàláà, pátákó ìkọ̀wé, kọ́ Tohirat ní kéwú.

Bàbá Àáfà ti kú.

Wọ́n ti ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Àwọn àlejò ti padà sí Ìlọrin. Ó wá ku àwọn mẹ́ta nínú ilé.

Bàbá kì í sọ̀rọ̀. Ìyá ń sunkún ní ilé ìdáná. Tohirat náà ò sọ̀rọ̀ mọ́. Kò kí ènìyàn. Kò béèrè oúnjẹ. Kò sọ nǹkan kan. Áà, ó burú!

"Ẹ ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún ọmọ yìí," ni Ìyá wí. "Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́tà. Bóyá á lè yọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀."

"Ó dáa," ni Bàbá wí.

Bàbá mú Tohirat lọ sí ṣọ́ọ̀bù Lááwàlì, ọ̀rẹ́ ẹ̀.

"Qasim, pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún Bàbá Àáfà," ni Lááwàlì wí fún Bàbá. "Tohirat, sànnú!"

Tohirat ò dáhùn.

Lááwàlì gbé tábúlẹ́ẹ̀tì pupa jáde. Pàn-pàn-pàǹ! Pàn-pàn-pàǹ! Orin ló ń kọ ṣáá. Tohirat fọwọ́ di etí.

"Èyí kọ́," ni Bàbá wí.

Lááwàlì gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dúdú jáde. Ó tóbi. Ó wúwo. Díẹ̀ ló kù kó já bọ́ lọ́wọ́ Tohirat.

"Tíná bá lọ ńkọ́?" ni Bàbá béèrè.

"Kò ju wákàtí kan lọ tí òun náà fi máa kú."

"Hàbá! Ní Jos ibí? Èyí náà kọ́."

Lááwàlì gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kékeré kan jáde. Rọ́bà aláwọ̀ ewé yí i ká.

"Tí ọmọ bá fi ìka kọ lẹ́tà, á pè é. Ó mọ lẹ́tà kéwú. Kò fẹ́ dátà. Iná ẹ̀ ń pẹ́."

"Òun nìyẹn!" ni Bàbá wí. Ó rà á.

Kò sẹ́ni tó bi Tohirat pé, "Èwo lo fẹ́?"

Nígbà tí wọ́n délé, Tohirat fi ìka kọ álífù. Fàà!

"Álífù," ni tábúlẹ́ẹ̀tì wí.

Tohirat kọ bá. "Bá," ni tábúlẹ́ẹ̀tì wí.

Tohirat kọ tá. "Tá," ni tábúlẹ́ẹ̀tì wí.

Ohùn ẹ̀ ò jọ ti Bàbá Àáfà rárá. Omijé lé ròrò sójú Tohirat.

Ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lọ sẹ́yìnkùlé. Ó bu omi sínú abọ́. Ó ki tábúlẹ́ẹ̀tì bọ inú omi.

Ṣùwà! Ṣùwà! Ó ń fọ̀ ọ́. Ṣùwà! Ṣùwà!

"Tá-tá-tá... tìììì," ni tábúlẹ́ẹ̀tì wí. Ojú ẹ̀ ṣókùnkùn.

Tohirat fi ife bu omi náà. Ó gbé e sẹ́nu.

"Yéè! Má mu ún!" Bàbá sáré dé. Ó já ife gbà. Omi dà nù.

"Tohirat! Ṣé orí ẹ pé? Ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà!" Bàbá gbọ́wọ́ sókè. Ó fẹ́ lù ú.

Tohirat bú sẹ́kún. Ọ̀rọ̀ bá jáde lẹ́nu ẹ̀.

"Mo ti mọ̀ ọ́n! Bàbá Àáfà ní tí mo bá ti mọ lẹ́tà orí wàláà, kí n fomi fọ̀ ọ́. Kí n mu omi ẹ̀. Wọ́n ní kò ní kúrò nínú mi mọ́."

Ó fa imú. "Mi ò rántí ohùn wọn dáadáa mọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kúrò nínú mi."

Ọwọ́ Bàbá wálẹ̀. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá sunkún, hì, hì, hì. Tohirat ò rí i kí Bàbá sunkún rí.

"Tàdáwà tí wọ́n fi ń kọ wàláà ṣeé mu, ìyá mi," ni Bàbá wí. "Omi inú tábúlẹ́ẹ̀tì lè ṣe ọ́ léṣe. Ẹ̀rù ló bà mí. Má bínú."

"Ẹ máa kọ́ mi, Bàbá."

Bàbá fọwọ́ nu ojú.

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Bàbá Àáfà máa ń pè mí sí kéwú nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo máa ń sá. Mo rò pé wọ́n ṣì máa pè mí lọ́jọ́ mìíràn."

Bàbá mú èédú. Ó kọ álífù sórí sìmẹ́ńtì. Álífù wọ́. Ó kọ bá. Ó fi àmì ẹ̀ sókè.

"Káì! Ìsàlẹ̀ ni, Bàbá," ni Tohirat wí. Ó fẹsẹ̀ pa á rẹ́. "Ẹ tún un kọ."

Bàbá tún un kọ. Àmì wà nísàlẹ̀.

Tohirat káwọ́ sẹ́yìn. Ó wò ó. Ó tún un wò.

"O káre, Qasim." Ohùn ńlá ló fi wí i, ohùn Bàbá Àáfà gẹ́lẹ́.

Ìyá gbọ́ ọ ní ilé ìdáná. Ó sáré jáde, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì.

Bàbá ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣé, Àáfà," ló dá ọmọ ẹ̀ lóhùn. "Èwo ló kàn?"

"Tá ló kàn," ni Tohirat wí. "Ẹ má sá o!"