Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣáájú Ẹnu

Èyí kì í ṣe àhesọ. Agbẹjọ́rò tó wà níbẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, obìnrin náà kì í sì í purọ́.

Orrin Castleberry, ará ìlú Dayton, hùmọ̀ ẹ̀rọ agbóhùnsókè kan tó ń lo tiransísítọ̀. Ó ní kí ìjọba fún òun ní ìwé ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀ lé e lórí, kí ẹlòmíràn má lè ṣe irú rẹ̀ tà. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní kò sí àrà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ náà, tó so ẹ̀rọ àtijọ́ méjì pọ̀, ibẹ̀ náà ni yóò já sí. Orrin pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Bí wọ́n bá tún kọ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá yóò kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Yìnyín ń já bọ́ ní Virginia lọ́sàn-án ọjọ́ tó gbé ẹ̀rọ náà dé iwájú àwọn adájọ́. Delphine Kowalczyk, agbẹjọ́rò rẹ̀, sọ ọ́ sí i létí.

"Bàbá, ẹ má tàn án o. Ẹjọ́ la wá rò."

"Wọn ò gbọ́ ọ rí. Jẹ́ kí wọ́n gbọ́."

Ó tàn án.

Ẹ̀rọ náà wúkọ́.

Adájọ́ Strickland, àgbà inú wọn, gbójú sókè. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó wúkọ́. Ikọ́ kan náà ni.

"Ta ló gba ohùn mi sílẹ̀?" Inú ẹ̀rọ lọ̀rọ̀ ti wá. Ètè adájọ́ ò tíì là.

"Ta ló gba..." ni adájọ́ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wí.

Delphine yíjú sí Orrin. "Bàbá, kí lẹ ṣe sí i?"

"Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Kì í ṣe báyìí nílé."

Ẹ̀rọ tún fi ohùn adájọ́ sọ̀rọ̀, jẹ́ẹ́jẹ́. "Ta ni yóò ní òun ti ro èyí tẹ́lẹ̀? A dá Castleberry láre."

Adájọ́ wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá tún ohun tí ẹ̀rọ wí sọ, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tó ń wò ó bóyá òun ló ni ẹnu òun.

Inú Orrin dùn dé Dayton. Lọ́jọ́ kejì, kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀, ó fóònù Delphine.

"Ọmọ mi, mo tàn án lórí tábìlì ìdáná. Ẹnìkan kanlẹ̀kùn nínú rẹ̀. Ó ní, 'Orrin, ṣílẹ̀kùn, òtútù ń pa mí.' Ohùn Winifred ni."

"Winifred wo?"

"Ìyàwó mi. Èmi ni mo sin ín." Ó rẹ́rìn-ín. "Kọfí ti ń hó. Mo ti gbé ife méjì sílẹ̀."

"Bàbá, ẹ pa ẹ̀rọ yẹn!"

"Mo ti pa á tipẹ́."

Delphine wá gbọ́ ọ lórí fóònù: kọ́, kọ́, kọ́, lára ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ àga tí wọ́n fà sẹ́yìn. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá náà, kò lọ́ra, kò sáré.

Ilẹ̀kùn ṣí.

"O pẹ́ o," ni Orrin wí.