Sàréè Tí Kò Bá Àwòrán Ṣí

Nígbà tí Ọ̀gá Lábọ̀dé fa àwòrán náà sápá ọ̀tún lójú kọ̀ǹpútà, ilé bá a lọ, igi ọsàn bá a lọ, kànga bá a lọ. Sàréè nìkan ló dúró sí àyè rẹ̀.

Ilésanmí káwọ́ gbera, ó ń wò ó. Ọ̀sán gangan ni. Ọ̀kadà ń pariwo lójú títì Ararọ̀mí-Ọ̀pin, fáànù ń yí lókè, síbẹ̀ ọrùn rẹ̀ tutù.

Ayàwòrán ilẹ̀ ni Ilésanmí ní ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ kan níbẹ̀. Títì tuntun láti Osi dé Iloffa ni wọ́n ń yà, ìlà pupa ni wọ́n fi ṣe é. Abẹ́ ìlà náà ni wọ́n ń tẹ́ àwòrán tí dróònù yà láti òkè sí, kí ìjọba lè rí ohun tí títì máa gbà kọjá. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í ṣìnà. Nọ́ńbà tí a fi ń mọ ibi tí ilẹ̀ wà ti wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé e wọlé, fúnra rẹ̀ ni yóò lọ jókòó síbi tó yẹ ẹ́.

Ó sì lọ jókòó, ẹ̀yìnkùlé Ilésanmí ní Osi ló hàn. Ìlà pupa la sàréè Damaris, ìyàwó rẹ̀, láàárín.

Tíṣà ni Damaris nígbà ayé rẹ̀. Ìjọba kì í jẹ́ kó tú ẹrù tán nílùú kan, bí Obbo-Ile, kí wọ́n tó ní kó kọjá síbòmíràn. Lórí àìsàn, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Bàbá Ẹ̀bùn, mo ti kẹ́rù tó. Ibi tí ẹ bá tẹ́ mi sí, kí ẹnikẹ́ni má ṣí mi nípò mọ́."

Ó ṣèlérí fún un.

Ṣùgbọ́n Lábọ̀dé kò fẹ́ kí ìjọba dá iṣẹ́ padà nítorí sàréè. Ó ní kí Ilésanmí fa àwòrán kúrò lábẹ́ títì díẹ̀. Bí katapílà bá dé ibẹ̀, ta ni yóò bèèrè? Ilésanmí kọ̀. Ni ọ̀gá bá gba máòsì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó tún fà á báyìí, sápá òsì. Ilé lọ. Igi lọ. Sàréè kò lọ.

"O ti po ìṣirò Minna mọ́ ti sátẹ́láìtì," ni Lábọ̀dé wí. Ìṣirò méjì tí awọnlẹ̀ fi ń mọ ibi tí ilẹ̀ wà ni, Minna sì ni ti àtijọ́. Àṣìṣe tí kò sí awọnlẹ̀ tí kò ṣe é rí nìyẹn; oko ẹlòmíràn ni àwòrán máa ń já sí.

"Bó bá jẹ́ Minna ni, sà, gbogbo rẹ̀ ni ì bá ṣí. Minna kì í yan sàréè jẹ."

Lábọ̀dé pe Qudrah, ọmọbìnrin tó fi dróònù ya àwòrán náà. Qudrah gbé ojúlówó rẹ̀ wọlé lákọ̀tun. Sàréè wà níbẹ̀, ó funfun báláú. Qudrah tẹjú mọ́ ọn. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ aláìsàn lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ sin màmá?"

"Ìgbà iṣu tuntun."

"Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ya èyí. Ẹ̀yìnkùlé yín ni mo dúró sí. Màmá fúnra wọn ló bu omi fún mi mu."

Lábọ̀dé fò sẹ́yìn. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Pa á rẹ́!"

"Kò sẹ́ni tó máa pa á rẹ́," ni Ilésanmí wí.

Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn, ó sọ àwòrán náà di ńlá. Nígbà náà ló rí i. Ní ẹ̀gbẹ́ sàréè funfun, ihò kan wà nílẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó gùn tó ọkùnrin, òkìtì erùpẹ̀ pupa wà létí rẹ̀.

Ó mọ àyè náà. Òun ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òun nígbà tí wọ́n ń lẹ táìlì mọ́ sàréè Damaris.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀ níbẹ̀," Qudrah bẹ̀ ẹ́.

Ilésanmí mú ìlà pupa, ó tẹ̀ ẹ́ gba ìdí igi ọsàn, ó jẹ́ kó yà jìnnà tó láti yẹra fún sàréè ẹni méjì.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi fọwọ́ sí i."

"Bí mi ò bá fọwọ́ sí i ńkọ́?"

"Ẹ tún fà á wò."

Lábọ̀dé wo máòsì bí ẹni wo paramọ́lẹ̀. Ó fọwọ́ sí i, ó sì jáde láìwẹ̀yìn. Qudrah tẹ̀ lé e.

Ilésanmí nìkan ló kù. Ó tún wo ihò náà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n òkìtì erùpẹ̀ ti ga sí i.

"Ẹ máa gbẹ́ ẹ lọ," ó wí. "Títì ti yà kúrò níbẹ̀."