Orúkọ Méjìléláàádọ́fà Nínú Fáìlì Kan

"Àǹtí Bernice, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ báyìí! Àwọn èèyàn ti ń dé!"

Ẹsẹ̀ Ẹ̀bùnlọlá kò gbélẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ọjọ́ náà sì ni gbogbo Festac yóò fojú rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bàsáà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1979. Kọ̀ǹpútà kékeré tí àbúrò ìyá rẹ̀, Àǹtí Bernice, gbé bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ni yóò máa júwe ilé fún àlejò níbẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Festac nígbà náà kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ilé kan ò yàtọ̀ sí èkejì, nọ́ńbà nìkan ló yà wọ́n. Àlejò tó ti ìlú rẹ̀ wá, tó ti mọ́ ọn lára láti máa béèrè "Ilé Lágbájá dà?", á rìn títí ẹsẹ̀ á fi wú. Ìdí nìyí tí Ẹ̀bùnlọlá àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Rosaline, fi ya ojúlé-ojúlé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n kọ orúkọ méjìléláàádọ́fà sílẹ̀ pẹ̀lú àdírẹ́sì. Ẹ̀bùnlọlá kọ ètò, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tí ẹ̀rọ náà yóò máa tẹ̀ lé, ó wá jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tẹ gbogbo orúkọ náà sínú fáìlì kan, ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú wọn sí. Alága ẹgbẹ́ àwọn olùgbé, Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran, ti ṣèlérí pé bí ètò náà bá ṣiṣẹ́, àwọn yóò rán an lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ìsinmi gígùn. Ọmọ náà ò tún rí nǹkan mìíràn rò.

"Ìlà tí mo ní kó o fi kún ètò yẹn ńkọ́?" Àǹtí Bernice béèrè. "Kí ètò tó ṣí fáìlì láti kọ nǹkan sí i, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá fáìlì náà ti wà. Bó bá ti wà, kó kọ tuntun mọ́ ọn. Bí kò bá wò, tuntun ni yóò ṣí lé e lórí, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ á sì pa rẹ́."

"Màá ṣe é lọ́la, Àǹtí. Ṣebí èmi náà ni màá máa tẹ̀ ẹ́?"

Ọmọ kánjúkánjú! Kódà, ìwé tí wọ́n kọ orúkọ sí, wọ́n ti kó o fún ìyá Rosaline kó fi wé ẹ̀pà.

Èrò wọ́ tìrítìrí ní bàsáà. Bí Ẹ̀bùnlọlá bá tẹ orúkọ, àdírẹ́sì á yọ lójú ẹ̀rọ, àwọn èèyàn á hó yèè. "Tẹ tèmi náà wò!" Inú rẹ̀ dùn débi pé orí ìjókòó ló ti ń jó. Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran fúnra rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Nígbà náà ni Akíntúndé, awakọ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Mazamaza, sún mọ́ wọn.

"Sístà, bá mi fi tèmi náà sí i jàre."

Ẹ̀bùnlọlá tẹ̀ ẹ́ wàrà. Ẹ̀rọ náà kùn díẹ̀, ó sì gbà á. Màmá arúgbó kan ló tún kàn.

"Ọmọ mi, bá mi wá Fọláránmi Fáṣínà, ọmọ mi. Ìlá ni mo ti wá. Láti àárọ̀ ni mo ti ń yí àdúgbò yìí po."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ní kò sí. Ó tẹ orúkọ alága. Kò sí! Ó ní kí ẹ̀rọ kó gbogbo orúkọ jáde. Akíntúndé nìkan ló kù nínú fáìlì.

Rosaline sọ̀rọ̀ sí i létí. "Sọ pé iná ló ṣẹ́jú. Ta ló máa mọ̀?"

Irọ́ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ẹsẹ̀ màmá yẹn tí eruku bò, ojú sì tì í. Ó kọjú sí alága.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀bi mi ni. Àǹtí mi kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Èmi ni mo pa gbogbo orúkọ yẹn rẹ́."

Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran fajú ro. "Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ yẹn, a ó dá a dúró ná."

Ó dun ọmọ náà wọra. Síbẹ̀, bó ṣe ń nu omijé lọ́wọ́ ló fò dìde. "Màmá, mo rántí! Èmi ni mo kan ilẹ̀kùn wọn. Wọ́n ní ajá funfun, Òpópónà Karùn-ún ni! Ẹ jẹ́ ká lọ!"

Ó gba ẹrù màmá, ó ń sáré, ó ń dúró dè é. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ̀bùnlọlá fẹ́ já wọlé, àfi bí màmá ṣe di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ó tì o! Bí ilẹ̀kùn bá tiẹ̀ ṣí, a máa ń ké àgò ká tó wọlé. Ṣé o mọ ẹni tó wà níbẹ̀ ni? Ṣé o mọ ohun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ tí wàá tẹ̀ mọ́lẹ̀?" Ó gbóhùn sókè. "Àgò onílé o!"

"Àgò yà o!" Ohùn ọkùnrin ni. Fọláránmi yọjú, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá mi! Ìyá mi rèé!"

Ẹ̀bùnlọlá ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Àgò! Ohun tí Àǹtí Bernice ní kí ètò rẹ̀ máa ké gan-an nìyẹn, kó tó wọ inú fáìlì. Kò dúró mu omi tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ kó tó sáré padà.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló kọ ìlà yẹn. Ó fi orúkọ méjì dán an wò: ó tẹ èkínní, ó tẹ èkejì, èkínní sì wà níbẹ̀ digbí. "Ó wà! Àǹtí, ó ṣì wà!" Lẹ́yìn èyí, òun àti Rosaline tún bẹ̀rẹ̀ sí í ya ojúlé, àwọn èèyàn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ ti tún dé?" Àwọn ọmọ méjèèjì gbà á mọ́ra.

Nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ kan, ó fi orúkọ tuntun kún fáìlì lójú Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran. Ọ̀kan ò sọnù. Alága rẹ́rìn-ín músẹ́.

"A ó rán ọ lọ. Kì í ṣe nítorí ẹ̀rọ yìí nìkan. O ò parọ́ fún wa lọ́jọ́ yẹn."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ máa wo ohun tó ti wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́, kẹ́ ẹ sì tún un ṣe.