Òróró Àgbọn fún Abọ́ Bàbá Odùkọ̀yà

Kí ilé onígéètì tó gba ìlú Lakowe nítòsí Èkó, kí títì tó dé, ojú ọ̀sà làwọn èèyàn ń gbà ná ọjà. Àárò ayé ọjọ́un ń sọ mí, bí n kò tilẹ̀ bá a. Lọ́dún 1917, Olúdélé akanọkọ̀ wọ dàńṣíkí etù, ó gbé abọ́ igi kan lọ bá Bàbá Odùkọ̀yà, olórí àwọn apẹja. Fúnláyọ̀, ọmọ bàbá náà, ló fẹ́ fi ṣaya. Bàbá sì ti ní òun kò gba ẹrù ìdána mìíràn àfi abọ́ tí òun yóò máa jẹun nínú rẹ̀.

Èkó ni Olúdélé ti kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ yí igi di abọ́. Abọ́ náà rí roboto, ó wuni. Ṣùgbọ́n ohun tí akanọkọ̀ mọ̀ náà ló ṣe: ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń dí ojú ọkọ̀ ló fi kun inú rẹ̀. Wọ́n bu ọbẹ̀ ẹja gbígbóná sí i. Bàbá tọ́ ọ wò, ó tutọ́ sílẹ̀.

"Olúdélé, ṣé ọkọ̀ lo ní kí n máa jẹ ni?"

Olúdélé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ foríjì mí, Bàbá."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fún ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wá ìyàwó síbòmíràn."

Ó yí abọ́ mìíràn. Ó fi epo pupa pa á, èèrà bò ó. Ó kun ún ní fáníṣì Èkó, ó ń dán, òórùn rẹ̀ kò sì lọ. Ọ̀rọ̀ yìí dé etí Fúnláyọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì wí fún Olúdélé.

"Ẹ má fi ohun tẹ́nu ò lè jẹ pa abọ́. Àgbọn kún etíkun, ẹ ń wá fáníṣì kiri!"

Olúdélé ha abọ́ náà títí kò fi ku fáníṣì kankan. Ó se òróró àgbọn títí ó fi mọ́ lóló, ó ń fi pa abọ́ náà lójoojúmọ́, títí igi kò fi mu ún mọ́.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Bàbá jẹun tán, ó lá ọwọ́. "Kò ní ṣá?"

"Yóò ṣá, Bàbá. Oṣooṣù ni mo gbọ́dọ̀ máa wá pa á."

"Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Àna tí kì í padà yọjú ti pọ̀ jù. Máa mú ìyàwó rẹ lọ."

Lọ́dún kejì, àrùn lùkúlùkú, òtútù àti ikọ́ tó ń pani, jà káàkiri ilẹ̀ yìí. Ó mú Fúnláyọ̀ lọ, kò tíì bímọ. Àwọn ará ilé ní ẹsẹ̀ Olúdélé ti kúrò nílé àwọn nìyẹn.

Oṣù lé. Olúdélé dé, ìgò òróró lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Odùkọ̀yà sún, ó fún un láyè lórí ẹní.