Wáyà Tó Ti Udine Wá

Ojú kan ṣoṣo ni ọmọbìnrin náà là sílẹ̀ nígbà tí Ìfẹ́dayọ̀ kọ́kọ́ rí i. Ó di èkejì pa, ó gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì lé èjìká, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti igi ìdí rẹ̀ bí ẹni tó sùn lé ìrọ̀rí, ó sì ń wo iná kan tó wà lókè àjà gbọ̀ngàn náà. Àwọn bàbá ará Ítálì bíi mẹ́fà dúró yí i ká pẹ̀lú fìlà ọdẹ lórí. Nígbà tó yá, ó sọ ìbọn náà kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi èdè Ítálì wí fún wọn pé ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n ń gbé e sí èjìká ọ̀tún, wọ́n wá ń bú ẹni tó ṣe é.

Ìpàtẹ ìbọn ọdẹ ní Padova ni, ní oṣù kẹta ọdún 1994. Nígbà yẹn, lírà ṣì ni owó ìlú, èèyàn sì ní láti ju owó idẹ gettone sínú tẹlifóònù kó tó gbọ́ ohùn ẹni tó fẹ́ràn.

Ìfẹ́dayọ̀ kò bá ti wá síbẹ̀. Nàfíù, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan ní Torino, ló wọ́ ọ wá. Nàfíù kò yin ìbọn rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ àwọn tó ń ṣe ìbọn bí àwọn mìíràn ṣe mọ agbábọ́ọ̀lù. Láti Torino dé Padova, ẹnu rẹ̀ kò sinmi nínú ọkọ̀ ojú irin: Beretta ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ohun tó lé ní irinwó ọdún, irin àwọn ará Jámánì le, ṣùgbọ́n ìbọn wọn wúwo, ti Gẹ̀ẹ́sì lẹ́wà, àfi kéèyàn ta ilé bàbá rẹ̀ kó tó rà á. Ìfẹ́dayọ̀ ń dá a lóhùn pẹ̀lú "ẹn-ẹn," ó sì ń kọ lẹ́tà sínú àpótí kéékèèké cruciverba, ìwé àlọ́ ọ̀rọ̀ tó wà lórí itan rẹ̀. Ìṣirò ló kà ní yunifásítì ní Ifẹ̀; ilé iṣẹ́ bíréèkì ọkọ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Torino. Ọkàn rẹ̀ kì í gbé ojú kan. Bí kò bá rí àlọ́ kan tú, ara rẹ̀ á máa yún un. Inú àwọn ìwé cruciverba wọ̀nyẹn gan-an ló ti kọ́ èdè Ítálì.

Nàfíù fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Ọmọ wa nìyẹn."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"O ò gbọ́ ni? Ó fi 'àbí' parí èdè Ítálì."

Ìfẹ́dayọ̀ sún mọ́ ọn. "Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí."

Ọmọbìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Àǹtí ta ni? Ẹ jọ̀ọ́, irun ewú wo lẹ rí lórí mi?"

"Ẹ má bínú. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe gan-an?"

"Calcio ni mò ń ṣe."

Inú Ìfẹ́dayọ̀ dùn. Ó mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ti kọ ọ́ sínú àpótí kéékèèké ìwé rẹ̀ láìmọye ìgbà. "Bọ́ọ̀lù! Ẹgbẹ́ wo lẹ ń gbá fún?"

Ọmọbìnrin náà wò ó, ó wo Nàfíù, ó sì bú sẹ́rìn-ín débi pé àwọn bàbá ọlọ́fìlà yíjú padà. Ó fi ọwọ́ gbá igi ìdí ìbọn náà. "Calcio nìyí. Ìdí ìbọn. Èmi ni mò ń gbẹ́ ẹ, tí mò ń dán an, tí mo sì ń fín in lára. Ìdí ìbọn dà bí aṣọ: tí kò bá bá ara ẹni mu, ibi tẹ́ ẹ bá fojú sùn kọ́ ni ọta máa lọ. A ní láti wọn ọrùn yín, èjìká yín àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín."

Ó yẹ kí Ìfẹ́dayọ̀ dákẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ti mú kó fẹ́ jẹ́ ẹnì kan pàtàkì lójú rẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀. Ọdẹ ni bàbá bàbá mi."

"Lóòótọ́? Ọmọ ọdẹ lèmi náà. Ògúnjìnmí ni bàbá mi, ará Ìgbòho." Ó na ìbọn náà sí i. "Ẹ gbé e ká rí i."

Ìfẹ́dayọ̀ gbà á, ó sì ki ìdí rẹ̀ bọ abẹ́ abíyá bí ẹni tó há agbòjò mọ́ra.

"Ọdẹ kí ni bàbá bàbá yín?" ni ọmọbìnrin náà béèrè. "Ọdẹ eṣinṣin?"

Nàfíù rẹ́rìn-ín títí ó fi kọlu tábìlì tí wọ́n pàtẹ okùn ìbọn àti awò ìfojúsùn sí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ, ọmọbìnrin náà kọ nọ́ńbà tẹlifóònù kan sí etí ìwé cruciverba Ìfẹ́dayọ̀. "Wúràọlá lorúkọ mi," ló wí. "Tó o bá pè, má fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀ o, Ọ̀gbẹ́ni Àlọ́."

Ó pè é lọ́la ọjọ́ náà.

Bí wọ́n ṣe lo ọdún kan àti oṣù mẹ́rin tó tẹ̀ lé e nìyẹn. Bí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ Sunday, Ìfẹ́dayọ̀ á wọ ọkọ̀ ojú irin láti Torino sí Milano, láti Milano sí Brescia, á sì wọ bọ́ọ̀sì gun Val Trompia, níbi tí Wúràọlá ti ń ṣiṣẹ́, tí ìbọn ti jẹ́ iṣẹ́ àjogúnbá bíi ti alágbẹ̀dẹ. Wúràọlá á dúró dè é ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú igi nínú irun. Wọ́n á rìn létí odò, wọ́n á jẹ polenta, tí Wúràọlá ń pè ní túwó òyìnbó. Ó kọ́ Ìfẹ́dayọ̀ bí wọ́n ṣe ń mọ igi tó ti gbẹ dáadáa nípa gbígbọ́ ìró rẹ̀. Tí wọn kò bá rí ara wọn, Ìfẹ́dayọ̀ á fi àlọ́ ránṣẹ́ sí i nínú lẹ́tà. Wúràọlá kò fẹ́ràn ìwé kíkọ, ègé igi kékeré tó fín ló fi ń dá a lóhùn, èyí tó bá sì dán jù ni "mò ń rántí rẹ."

"Wúrà mi," ni Ìfẹ́dayọ̀ wí lọ́jọ́ kan, "mo fẹ́ lọ rí bàbá."

Ojú Wúràọlá yí padà. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Bàbá nìkan ló ní. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan àga ìjókòó lẹ́bàá Udine ni Bàbá Ògúnjìnmí ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ ọmọ rẹ̀ ní iṣẹ́ igi. Ó ti kó ìbọn sílẹ̀ nílé, ó ti di díákónì, ṣùgbọ́n ìwà ọdẹ kò kúrò lára rẹ̀: irọ́ ni kò fẹ́ gbọ́ sétí. Ọkùnrin méjì ti wá tọrọ Wúràọlá rí. Nítorí irọ́ kékeré tí wọ́n pa ló ṣe lé àwọn méjèèjì.

"Bàbá mi kì í sọ ọ̀rọ̀ ọmọ lórí tẹlifóònù," ni Wúràọlá wí. "Kọ̀wé sí wọn. Sọ òótọ́ nípa ara rẹ. Gbogbo ẹ̀."

Ìfẹ́dayọ̀ kọ̀wé. Ó kọ iṣẹ́ rẹ̀, ìjọ rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀. Ní ìparí, lẹ́yìn tó ti fa ìwé mẹ́ta ya, ó kọ ọ́ pé lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ rí Wúràọlá, òun purọ́ fún un. Télọ̀ ni bàbá bàbá òun, kì í ṣe ọdẹ. Abẹ́rẹ́ nìkan ló fi gún nǹkan rí. Ó wá tọrọ àyè láti wá sí Udine lọ́jọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù keje.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé náà ni wáyà dé. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́:

OTA NI O MA WA. OGUNJINMI.

Ìfẹ́dayọ̀ kà á lórí àtẹ̀gùn. Ó tún un kà nínú yàrá. Ọ̀tá ni ọ́. Má wá.

Kò sọ fún Nàfíù. Kò pe Wúràọlá. Kí ló fẹ́ sọ fún un? Ṣé pé bàbá kan ṣoṣo tó ní láyé ti pe òun ní ọ̀tá? Kò fẹ́ kó di pé Wúràọlá máa ní láti mú ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Ó lérò pé ìfẹ́ ni òun fi ń ṣe é. Ó kọ ìlà kan sí i, "Má dúró dè mí mọ́, jọ̀ọ́," ó sì jù ú sínú àpótí posta. Ilé iṣẹ́ bíréèkì ti ti ìlẹ̀kùn fún ìsinmi oṣù kẹjọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó gbé àpò kékeré kan, ó sì bá àwọn tó ń lọ já èso píṣì ní Saluzzo lọ.

Ó ń já èso láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń yún un nítorí irun ara èso náà, ọkàn rẹ̀ kò sì tú àlọ́ kankan.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló gbọ́ ohùn kan nísàlẹ̀ àkàbà.

"Sọ̀kalẹ̀."

Èso tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ já bọ́. "Wúrà..."

"Má pè mí ní Wúrà. Sọ̀kalẹ̀ kí n tó yọ àkàbà yìí lẹ́sẹ̀ rẹ."

Ó sọ̀kalẹ̀.  Nàfíù ló júwe ibẹ̀ fún Wúràọlá.

"Bàbá mi wọ agbádá láti aago mẹ́wàá àárọ̀. Nínú ooru oṣù keje, Ìfẹ́dayọ̀! Wọ́n ra ẹran ìgbẹ́, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sè é. Wọ́n jókòó sí ojú fèrèsé, gbogbo ọkọ̀ tó bá ti dúró, wọ́n á dìde. Kí ni wọ́n fi ṣe ọ́?"

"Àwọn ló ní kí n má wá."

"Àwọn ta ni?"

Ó yọ wáyà náà nínú àpò. Ó ti rọ̀ bí aṣọ nítorí kíká. Wúràọlá wò ó, ó sì nà án padà sí i.

"Kà á fún mi."

"Ọ̀tá ni ọ́," ni Ìfẹ́dayọ̀ wí wẹ́rẹ́. "Má wá."

Wúràọlá jókòó lé orí àpótí èso. Ó fi ọwọ́ bo ojú. Ìfẹ́dayọ̀ rò pé ẹkún ni, ẹkún ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà nínú rẹ̀.

"Ọdẹ ni bàbá mi. Tí ọdẹ bá kọ o, t, a, kí lo rò pé ó wà lọ́kàn rẹ̀?"

Ìfẹ́dayọ̀ dúró. Ó rí lẹ́tà mẹ́ta náà bí ìgbà tí wọ́n wà nínú àpótí kéékèèké, ó rí bí àmì ohùn ṣe ń sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí wọn. "Ọta," ló wí. "Ọta ìbọn."

"Mo wà lọ́dọ̀ wọn nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, èmi ni mo kà á fún wọn. Nígbà tí mo dé ibi tó o ti ní télọ̀ ni bàbá bàbá rẹ, wọ́n lu tábìlì. Wọ́n ní ẹni tó bá lè sọ òótọ́ tó máa ta bá òun fúnra rẹ̀, ọta ni, kì í yà bàrá. Àtàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ti lọ sí posta."

"Àti 'má wá' ńkọ́?"

"Máa wá ni! Máa! Ta lo mọ̀ tó ń kọ 'a' méjì? Akọ̀wé posta Udine wo ló mọ àmì ohùn? Gbogbo cruciverba ilẹ̀ Ítálì lo lè tú, ọ̀rọ̀ márùn-ún tí wọ́n fi èdè ìyá rẹ kọ lo ò rí kà."

Ìfẹ́dayọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti kúrò lójú Wúràọlá.

"Ká tiẹ̀ ní ọ̀tá ni wọ́n pè ọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "O ò ṣe bi mí?"

"Mi ò fẹ́ kó o máa yàn láàárín wa."

"Tèmi ni láti yàn, Ìfẹ́dayọ̀. O gbà á lọ́wọ́ mi."

Èyí kò ní ìtumọ̀ kejì. Ìfẹ́dayọ̀ kúnlẹ̀ sórí koríko. "Mo ṣẹ̀ ọ́," ló wí. "Kì í ṣe wáyà yẹn. Èmi ni."

Wúràọlá pẹ́ kó tó na ọwọ́ sí i. Nígbà tó nà án, ó ní, "Fọ ọwọ́ rẹ ná. Ó ń yún mi."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin gba Milano, gba Padova, dé Udine. Ìfẹ́dayọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá Ògúnjìnmí kò ní kó dìde. Singileti ló wọ̀. Kò ní wọ agbádá lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹnì kan.

"Ṣé ìwọ ni ọ̀mọ̀wé tó ń fi ìwé sá fún mi?"

"Èmi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Ọmọ mi sunkún nínú ilé yìí."

Ìfẹ́dayọ̀ fi iwájú orí kan ilẹ̀.

"Mi ò bi ọ́ nípa ìwé permesso tó o fi ń gbé ìlú yìí, mi ò bi ọ́ nípa ilé. Ìbéèrè kan ni mo ní. Lọ́jọ́ mìíràn tí ọ̀rọ̀ bá rú ọ lójú, ta lo máa lọ bi?"

"Wúràọlá ni, sà. Kó tó di ẹnikẹ́ni. Kó tó di pé mo bi ara mi."

Bàbá fa àga kan sún mọ́ ọn. "Dìde. Jókòó síbí. Èmi náà kò tún ní tẹ wáyà sí ẹnikẹ́ni. Ẹnu ni màá fi sọ ọ́, kí etí rẹ gbọ́ ohùn rẹ̀." Ó tẹ ara síwájú, ó sì fa ọ̀rọ̀ náà bí olùkọ́ aláàbíìdì. "Ọkọ ọmọ mi. Kí ni mo wí?"

"Ọkọ, sà."

"Ṣé mo ní ọkọ̀?"

"Ẹ ò wí bẹ́ẹ̀, sà."

"Ṣé mo ní ọkọ́?"

"Bàbá!" ni Wúràọlá ké láti ilé ìdáná. "Ó ti gbọ́!"

Oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, ní ìjọ kékeré kan ní Torino, tí Nàfíù sì ń sọ ìtàn ìbọn fún pásítọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi Ìfẹ́dayọ̀ lónìí, ọ̀sán ọjọ́ Udine yẹn ló ń pè ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀: Wúràọlá gbé abọ́ wọlé, ó jókòó sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Bàbá Ògúnjìnmí sì yíjú sí fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọkọ̀ tó ń kọjá, kí àwọn méjèèjì lè rí àyè di ọwọ́ ara wọn mú.