Ọ̀gá Tó Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ọmọṣẹ́ Rẹ̀

Àtọ́kẹ́ kì í mu ọtí. Kò lo oògùn, kò sì jí aṣọ oníbàárà rí. Nígbà tí àwọn oníwàásù bá ń kọjá ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, tí wọ́n ń ké sí ẹlẹ́ṣẹ̀ pé kó ronú pìwà dà, Àtọ́kẹ́ a máa rò pé àwọn aládùúgbò òun ni wọ́n ń bá wí.

Jọ̀ọ́, má tíì ju ìwé yìí sílẹ̀. Bóyá ìwọ náà kì í mutí.

Télọ̀ ni Àtọ́kẹ́, ẹni tí àwọn èèyàn ń pè ní Ìyá Testimony. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ránṣọ ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ni Hephzibah, ọmọ tí kò lè fa ìlà tó gún lórí pépà nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ṣẹ́. Ó ṣe fríídọ̀mù, ìyẹn ayẹyẹ ìparí ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó sì lọ gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀.

Ọ̀nà ibẹ̀ ò dáa, oníbàárà ò sì fẹ́ máa gba inú ẹrọ̀fọ̀ wá. Ni Hephzibah bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣí péèjì kan tó ní ilẹ̀kùn: ẹni tó bá ń san owó oṣù nìkan ló lè wọlé. Inú ibẹ̀ ló ti ń géṣọ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n á béèrè, tí á dáhùn. Àwọn obìnrin wọlé láti Ẹgbẹ́dá, láti Ìlọrin, títí dé ìlú òyìnbó. Owó tí wọ́n ń san ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Kò dúró de ẹni tó máa gbé aṣọ wá mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé ẹgbẹ́ télọ̀. Alága ní bí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe máa rí lọ́jọ́ iwájú nìyẹn. Ó ní, "Àwọn tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ èèyàn ni yóò máa bọ́ ọ. Ẹni tí kò bá ní péèjì, eṣinṣin ló máa ṣí ṣọ́ọ̀bù fún." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àtọ́kẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà á. Mi ò lè sọ pé ẹ̀rù yẹn burú. Ohun tó tẹ̀ lé e ló burú.

Òun náà ṣí péèjì. Èèyàn mẹ́sàn-án ló wọ̀ ọ́, àbúrò rẹ̀ sì ni méjì nínú wọn. Ló bá fi orúkọ Charity wọ péèjì Hephzibah, kó lè máa ṣọ́ ọ. Láàárọ̀, kó tó gbàdúrà, á kọ́kọ́ wo iye èèyàn tó tún ti wọlé. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ ṣeun, tíṣà wa," àyà rẹ̀ á gbóná bí ẹni tí áyọ́ọ̀nù fara kàn. Tíṣà wa. Ta ló kọ́ tíṣà?

Oṣooṣù ló ń sanwó láti máa wo ohun tó ń dùn ún. Ìlara máa ń múni ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Hephzibah kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gé apá aṣọ láìlo píìnì. Àtọ́kẹ́ ló fi ọ̀nà yẹn hàn án. Hephzibah ò dárúkọ rẹ̀.

Àtọ́kẹ́ kọ̀wé sí àwọn tó ni ibi tí péèjì náà wà. Ó ní wọ́n jí ẹ̀kọ́ òun. Ó ní òun ò kọ́ ọmọ náà níṣẹ́ rí, pé inú ìwé tí òun ń ya iṣẹ́ òun sí ló ti dà á kọ. Ó ya fọ́tò ìwé àtijọ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, wọ́n ti ti péèjì Hephzibah pa. Wọn ò sọ ẹni tó fẹjọ́ sùn.

Àtọ́kẹ́ jókòó ti fóònù, ó ń retí kí àwọn obìnrin yẹn máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Hephzibah nìkan ló wá.

Báyọ̀dé wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Onígbàgbọ́ ni, òun ló máa ń bá àwọn télọ̀ tún máṣíìnì ṣe. Ó ti tú máṣíìnì Àtọ́kẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọmọ náà wọlé, tó kúnlẹ̀.

"Màmí, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ti péèjì mi pa. Wọ́n ní mo jí iṣẹ́ oníṣẹ́."

"Ta ló máa ṣe ọ́ báyẹn?" Àtọ́kẹ́ ló béèrè bẹ́ẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà. Wọ́n ní kí n mú ẹni tó lè jẹ́rìí pé mo kọ́ṣẹ́ wá. Mi ò lẹ́lòmíì. Ẹ̀yin ni ọ̀gá mi."

Nínú iṣẹ́ yìí, bí wọ́n bá ní o kò kọ́ṣẹ́, ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ lo máa sá padà sí. Àtọ́kẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Kò kàn rántí nígbà tó ń kọ irọ́ rẹ̀ ni. Ó wo orí ọmọ náà nílẹ̀, ó ní kó padà wá lọ́la, pé orí ń fọ́ òun.

Nígbà tí Hephzibah lọ tán, Àtọ́kẹ́ wá ọ̀rọ̀ sọ, kí ṣọ́ọ̀bù má bàa dákẹ́. "Ayé mà le o. Torí apá aṣọ lásán, wọ́n á lọ ba iṣẹ́ èèyàn jẹ́."

Báyọ̀dé gbójú sókè. "Apá aṣọ wo, Ìyá Testimony? Ọmọ yẹn ò dárúkọ apá aṣọ níbí."

"Ẹ tún máṣíìnì yín ṣe jàre."

"Máṣíìnì yín ni. Kò sì sí nǹkan tó ṣe é ju ìdọ̀tí lọ. Ẹ̀yin gan-an lara yín ò yá." Ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ fríídọ̀mù ọmọ yẹn. Ẹ fi àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, ẹ gbé ọwọ́ lé e lórí, ẹ ní, 'Ibi tí èmi ò lè dé, ìwọ máa débẹ̀.' Gbogbo wa ṣe àmín. Àwo ìrẹsì méjì ni mo jẹ lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè gbàgbé."

Àtọ́kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àjákù aṣọ nílẹ̀.

"Ọlọ́run gbọ́ àdúrà yín, Ìyá Testimony. Ṣé ohun tẹ́ ẹ wá ń bá ọmọ ọlọ́mọ jà lé lórí nìyẹn?"

Àtọ́kẹ́ lọ pa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé. "Bọ̀dá Báyọ̀dé, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí ẹgbẹ́ bá gbọ́, mo gbé."

"Mi ò ní sọ. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Jésù kú torí olè, ó kú torí apànìyàn, ó kú torí ẹni tí ayọ̀ ẹlòmíì ń bí nínú. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè máa gbé ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ, kẹ́ ẹ tún ní kó wẹ̀ yín mọ́."

Ibẹ̀ ni Àtọ́kẹ́ kúnlẹ̀ sí, láàárín àjákù aṣọ. "Olúwa, mo rò pé ènìyàn rere ni mí. Mo fẹ́ kí ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ṣubú. Mo ti burú jù. Jésù, gbà mí." Kò mọ àdúrà míì tó lè gbà. Ìyẹn náà tó.

Kí ẹ̀rù tó tún dá a dúró, ó kọ̀wé sí àwọn tó ni ibi tí péèjì náà wà pé irọ́ lòun pa, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Ayọ̀bọ̀. Hephzibah gbọ́ ọ títí dé òpin. Kò pariwo. Ó ní, "Màmí, ẹ jẹ́ kí n ronú ná," ó sì yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé ọjọ́ yẹn ló dárí jì í. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó pè é lórí fóònù. Wọ́n ṣí péèjì Hephzibah padà, àmọ́ àwọn kan ti lọ. Wọ́n ti ti péèjì Àtọ́kẹ́ pa torí irọ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ sì bá a wí lójú gbogbo èèyàn. Ojú tì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hephzibah sọ fún un pé àwọn tuntun ti ń wọlé, ó ṣe àmín, ó sì yà á lẹ́nu pé kò dùn ún.

Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ní ọjọ́ iwájú iṣẹ́ wa wà lórí àwọn péèjì wọ̀nyí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ni wọ́n sì lè ti ilẹ̀kùn pa lọ́la láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ nínú wa, a ń wo ọwọ́ ara wa. Ọjọ́ iwájú kan ló dájú: ìwọ náà máa dúró níwájú Ọlọ́run. Kò ní bi ọ́ léèrè iye èèyàn tó ń tẹ̀ lé ọ. Á bi ọ́ léèrè ohun tó o ṣe sí ẹni tí òun fún ní ohun tó ju tìrẹ lọ.

Má ṣe sọ pé ọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà, ké pe Jésù, kó o sì dìde lọ bá ẹni tó o ṣẹ̀. O mọ̀ ọ́n. Orúkọ rẹ̀ ti wá sí ọ lọ́kàn bó o ṣe ń kà á bọ̀. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ lónìí.